Rọ́bà Tí Wọ́n Gé Lásìkò Ìrun Jímọ̀

Nígbà tí Ishaq oníbúrẹ́dì àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé láti ìrun Jímọ̀, iná ààrò gáàsì tuntun ti kú. Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gé rọ́bà tó gbé gáàsì wọ inú rẹ̀ sí méjì.

Káńsù ló fún wọn ní ààrò náà. Igi ni gbogbo ilé búrẹ́dì tó wà ní apá Agége yẹn fi ń dáná. Káńsù ní èéfín wọn ti pọ̀ jù, igbó ń tán, ooru sì ń le sí i lọ́dọọdún. Wọn ò kàn sọ ọ́ lórí rédíò kí wọ́n lọ sùn. Wọ́n gbé ààrò wá. Àdéhùn rẹ̀ kò le: lọ́jọ́ Ajé, òṣìṣẹ́ káńsù máa wá wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì wó ààrò alámọ̀ àtijọ́. Bí ti gáàsì kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn.

Oyèbọ́lá, ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá, dé ní aago mẹ́ta. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó bá Ishaq níbi tó ti di Job mú lẹ́wù. Job, ọmọ Èkìtì, ló wá to ààrò náà. Kì í ṣe Mùsùlùmí, nítorí náà òun nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ kírun.

"Mà, ẹ gbé e lọ! Ta ló tún wà níbí?"

"Fi ẹ̀wù ẹ̀ sílẹ̀. Job, níbo lo wà?"

"Mo lọ jẹun lójú títì, mà. Ẹ bi Àdùkẹ́ oníresì. Ṣé èmi náà ló máa gé ohun tí mo fọwọ́ ara mi dè? Ṣé orí mi ti dàrú ni?"

Suara onígi dúró lẹ́nu géètì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ló ti ń kó igi wá fún ilé búrẹ́dì náà.

"Inú ìwọ dùn," ni Oyèbọ́lá wí.

"Ó dùn gan-an, ọ̀gá. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n iwájú Ishaq ni mo ti kírun. Ẹ bi í bóyá kò rí àtẹ́lẹsẹ̀ mi nígbà tó forí kanlẹ̀."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ishaq kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní òótọ́ ni.

Oyèbọ́lá yí ààrò náà ká. Wọ́n ti ti orí sílíńdà pa dáadáa. Ogún páànù ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò wà lábẹ́ òjìji, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, aṣọ tútù sì bò wọ́n.

"Ibí yìí lẹ fi wọ́n sí kẹ́ ẹ tó lọ?"

"Rárá, mà," ni Ishaq wí. "Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni, kí wọ́n lè wú."

"Ta ló wá gbé wọn síbí?"

Oníkálùkù ní òun kọ́.

Oyèbọ́lá lọ sẹ́yìn ilé, Ishaq tẹ̀ lé e. Sùlíyá, ìyá Ishaq, jókòó síbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ààrò alámọ̀. Orúnkún kì í jẹ́ kó lè rìn dé mọ́ṣáláṣí mọ́. Òun ló kọ́ gbogbo wọn ní iṣẹ́ búrẹ́dì.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó. Ṣé ẹ gbọ́ ariwo kankan?"

"Yàrá ni mo ti ń kírun, ọmọ mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ó mà ṣe o. Ogún páànù ìyẹ̀fun ló ṣòfò yẹn. Gbogbo ẹ̀ ló ti kan."

"Irọ́ ni!" Ìyá náà ti dìde. "Pẹ̀lú aṣọ tútù tí mo fi bò ó? Báwo ló ṣe máa kan?"

"Màámi?" ni Ishaq wí.

"Kò kan, Màmá," ni Oyèbọ́lá wí. "Mo purọ́ ni, ẹ má bínú. Ọ̀tá á gé rọ́bà, á sì sá lọ. Ẹni tó ṣe èyí kọ́kọ́ pa gáàsì kí iná má baà jó ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé ìyẹ̀fun máa pẹ́ kó tó rí iná mìíràn, ló ṣe gbé e síbi tó tutù. Job mọ gáàsì, kò mọ ìyẹ̀fun. Suara ò mọ ọ̀kankan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà ní mọ́ṣáláṣí, àfi ẹni tó kọ́ wọn."

Sùlíyá fọwọ́ lé ara ààrò náà.

"Àlàmú ọkọ mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ mọ ọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò tutù rí. Tí mo bá fẹ̀yìn tì í láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé òun ni mo fẹ̀yìn tì."

"Màámi, èéfín ẹ̀ náà ló pa Bàámi."

"Ṣé èmi ni mi ò mọ̀, Ishaq? Ta ló ń gbọ́ ikọ́ ẹ̀? Ojú tó ń sunkún a máa ríran. Mo mọ̀ pé káńsù ò purọ́. Mo kàn fẹ́ kó ṣì wà fúngbà díẹ̀ sí i ni."

Ishaq lọ bẹ Job. Job ní rọ́bà tuntun ò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

"Ṣé o fẹ́ pe ẹjọ́?" ni Oyèbọ́lá bi Ishaq.

"Kí n pe ìyá mi lẹ́jọ́?"

Sùlíyá ti ń rìn lọ sí ẹnu géètì, díẹ̀díẹ̀, nítorí orúnkún.

"Suara," ó ní, "má kó igi wá lọ́la. Má kó o wá mọ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí ààrò yẹn tutù fúnra ẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wó o láàyè."