Ẹ̀rí Tí Bùkọ́lá Jẹ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ọládòṣù pé ara mi ò yá. Orí ń fọ́ mi, ibà sì ń ṣe mí."

Ohun tí Olúbùkọ́lá sọ nìyẹn fún Matthew, ọ̀kan nínú àwọn akọrin ìjọ wọn, tó ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1978. Matthew kí i pẹ̀lẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bó ṣe yà ní kọ́nà ni Bùkọ́lá sáré wọlé, ó fa bàtà gogoro tí Rónkẹ́, ọmọ kíláàsì rẹ̀ nílé ìwé, yá a yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì lọ wọ ọkọ̀ Samaru, àdúgbò tí Rónkẹ́ ń gbé. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, kò tíì ti ọjà dé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bùkọ́lá. Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Bùkọ́lá ló ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá tí wọ́n ń lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Hausa ni wọ́n fi ń ṣeré, òun náà ni wọ́n fi ń jà. Bí Bàbá Ọládòṣù, alábòójútó wọn, bá ń sọ ìtàn Dáníẹ́lì fún wọn, wọ́n á kàn máa wò ó lẹ́nu ni. Ìgbà tí Bùkọ́lá bá tún un sọ ní Hausa ni ojú wọn tó máa ń là. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Láràárọ̀, kó tó lọ sílé ìwé, ó máa ń dárúkọ àwọn ọmọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà.

Àmọ́ nǹkan ń yí padà láti ìgbà tí Rónkẹ́ ti wọ kíláàsì wọn. Olùkọ́ yunifásítì ni bàbá Rónkẹ́, ara Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn. Kì í bú Bùkọ́lá. Ó kàn máa ń ní, "Bùkọ́lá, ìgbà wo lo fẹ́ gbádùn ayé ẹ? Sátidé ṣọ́ọ̀ṣì, Sọ́ńdè ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ìyàwó pásítọ̀ ni ẹ́ ni?" Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín, Bùkọ́lá náà á bá wọn rín in, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Nígbà tó yá, àdúrà àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Nígbà tó tún yá, kò gbà á mọ́. Nígbà tí Rónkẹ́ wá ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ ṣe àríyá nílé wọn, ọjọ́ kan náà tí àwọn ọmọ fẹ́ fi orin ìkórè dánra wò, irọ́ ló kọ́kọ́ wá sí Bùkọ́lá lẹ́nu.

Àríyá náà dùn, a ò ní parọ́. Orin ń ti inú rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, mínírà tutù, àwọn èèyàn sì ń yin ijó Bùkọ́lá. Ìgbà náà ni Adédìran, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́, sún mọ́ ọn.

"Ojú ẹ jọ ojú tí mo mọ̀," ó ní. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo máa ń kó àwọn ọmọdé lẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Sabon Gari?"

Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí i.

"Èmi kọ́," ni Bùkọ́lá sọ kíákíá. "Èmi kì í lọ síbẹ̀."

Adédìran rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá òun ṣì í mú ni. Orin kò dúró, ijó kò dúró, ṣùgbọ́n Bùkọ́lá kò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́. Ó sọ fún Rónkẹ́ pé òun ń lọ sílé, ó sì jáde nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn.

Nígbà tó délé, ó rí sálúbàtà kéékèèké lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì yọjú sínú pálọ̀. Àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kúnlẹ̀ yí máṣíìnì ìyá rẹ̀ ká, wọ́n di ojú. Àjọkẹ́, ọmọ ọdún méje, ló ń gbàdúrà, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń fi Hausa bẹ Ọlọ́run pé kó fún Àǹtí wọn ní ìlera: "Ubangiji, ka ba Àǹtí Bùkọ́lá lafiya." Bàbá Ọládòṣù jókòó lórí àga, ó tẹrí ba. Ìyá Bùkọ́lá dúró ti ògiri. Òun nìkan ló lajú, òun ló sì kọ́kọ́ rí ọmọ rẹ̀.

"Àǹtí!" Àjọkẹ́ fò dìde. "Àǹtí ta warke! Allah ya warkar da ita!" Gbogbo wọn rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń pariwo pé Ọlọ́run ti wo Àǹtí sàn.

"A rò pé o lọ gba oògùn ni," ni Bàbá Ọládòṣù wí. "Ṣé ara ti wá le?"

"Ó ti le, sà."

"Ọlọ́run tóbi! Lọ́la, wàá dìde níwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó yẹ kí àwọn ọmọ yìí mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà wọn."

Bùkọ́lá kàn mi orí pé òun ti gbọ́ ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ìyá rẹ̀ kò pariwo. "Mo mọ̀ pé kò sí ibà kankan," ó ní. "N ò ní bá ọ sọ ọ́. Ẹnu tìrẹ ni àwọn ọmọ yẹn ń wò."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe Bùkọ́lá síwájú. Àwọn ọmọ jókòó ní bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rí tí gbogbo ìjọ ń retí wà lẹ́nu rẹ̀, ó rọrùn láti sọ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Ibà kò ṣe mí," ni Bùkọ́lá wí. "Irọ́ ni mo pa. Àríyá ni mo lọ. Wọ́n bi mí níbẹ̀ bóyá ọmọ ìjọ yìí ni mí, mo ní rárá. Ẹ dárí jì mí."

Ó wá kọjú sí àwọn ọmọ, ó tún un sọ fún wọn ní Hausa. Ìyẹn ló nira jù. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

Nígbà tí ìsìn parí, Bàbá Ọládòṣù pè é. "Ó dùn mí, Bùkọ́lá. Ẹlòmíràn ni yóò máa kọ́ wọn títí ọdún yóò fi yí. Ṣùgbọ́n má sá. Máa wá jókòó tì wọ́n. Ká ní o sọ ohun tí mo ní kí o sọ ni, orí irọ́ ni à bá kọ́ ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí lé."

"Mo gbọ́, sà."

Àjọkẹ́ ń dúró níta. "Àǹtí, ṣé àdúrà wa wá ṣòfò ni?"

Bùkọ́lá kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé. "Kò ṣòfò. Ẹ ní kí Ọlọ́run wò mí sàn. Ó wo àìsàn tí ẹ̀yin ò mọ̀ pé ó ń ṣe mí."

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Rónkẹ́. "Ohun tí mo sọ fún Adédìran kì í ṣòótọ́. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn. Ti Ọlọ́run ni mí, n ò sì ní sẹ́ ẹ mọ́."

"Kí ló wá kàn mí?" ni Rónkẹ́ dáhùn. Ó yí ìjókòó padà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bùkọ́lá dá nìkan wà, ó sì sunkún nítorí rẹ̀. Àmọ́ ó ti padà sídìí àdúrà àárọ̀, ó sì ń rí okun gbà níbẹ̀.

Nígbà tí ọdún yí, wọ́n dá kíláàsì àwọn ọmọ náà padà fún un. Lọ́jọ́ kan, Rónkẹ́ dúró dè é lẹ́yìn ilé ìwé. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́. "Kí lẹ máa ń ṣe níbẹ̀ gan-an?" ó bi í. Bùkọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un, wọ́n sì jọ ń rìn lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe ọjọ́ kan ni ayé ń gba ọkàn èèyàn lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àdúrà tí a pa tì lónìí, irọ́ kékeré tí a pa lọ́la, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ẹni tó bá sì ti ṣubú, kó má fi irọ́ mìíràn bò ó. Kó sọ òótọ́, bí ojú tilẹ̀ ń tì í, kó sì padà. Ọlọ́run kì í lé irú ẹni bẹ́ẹ̀.