Àga Kejì ní North Avenue

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni Olútóyìn ti dá mi dúró lọ́jọ́ Àìkú náà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n rán òun níṣẹ́ sí mi.

"Uncle, mo pàdé àbúrò yín ní gas station ní Riverdale ní Friday. Ó rí sticker ṣọ́ọ̀ṣì wa lára mọ́tò mi, ló bá béèrè bóyá mo mọ̀ yín. Ó ní kí ẹ bá òun mú chair òun dání ní Saturday, pé ẹ máa mọ̀ ọ́n."

Mo bi í pé àbúrò wo.

"Brother Ọbáfẹ́mi náà. Ó wọ jacket Tech. Ẹ jọra gan-an, sir."

Olútóyìn kò tíì pé ọdún kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Ọbáfẹ́mi ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ ọkọ̀ mi, mo sì jókòó síbẹ̀ láì ṣáná títí èémí mi fi bo gíláàsì iwájú.

Èmi ni mo tọ́ Ọbáfẹ́mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àwọn òbí wa kú tẹ̀léra, èmi sì ti lé ní ogún ọdún dáadáa. Èmi ni mo mú un wá sí Atlanta, èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí yunifásítì Tech lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú àpótí méjì àti ìkòkò kan. Mo rò pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ló fẹ́ lọ kọ́. Ó kọ́ ọ lóòótọ́, àmọ́ wèrè bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ kó. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí a mọ̀ nílé o. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá ni, tí wọ́n ń forí sọ ara wọn bí àgbò. Odidi ọdún kan ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, èmi náà ti ra fìlà aláwọ̀ wúrà.

Ìgbàkigbà tí Tech bá fẹ́ gba àwọn ará Athens, abánidíje wọn láti ọjọ́ pípẹ́, lálejò, a ó ti dé North Avenue, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Tech, kí oòrùn tó le. A ó ṣí bútù ọkọ̀, a ó yan ẹran, a ó tẹ́ àga méjì tí wọ́n ń ká. Aláwọ̀ búlúù ni tèmi, tirẹ̀ ní wúrà. Ká má purọ́, àwọn ará Athens ń nà wá ju bí a ṣe ń nà wọ́n lọ. Ìyẹn ò dí Ọbáfẹ́mi lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, tọdún yìí yàtọ̀."

Ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó nílé, ọkọ̀ sì gbókìtì pẹ̀lú rẹ̀ lọ́nà Ìkìrun sí Òṣogbo. Mo wọ bàálù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé wa kò jẹ́ kí n rí i. Wọ́n ní ẹni tó tọ́ ọmọ kì í fojú rí sàréè rẹ̀. Wọ́n mú mi jókòó sí yàrá inú, àwọn ọkùnrin méjì sì jókòó tì mí. Ìró ṣọ́bìrì nìkan ni mo gbọ́, lẹ́yìn ilé. Mo padà sílé wa ní Snellville pẹ̀lú ìró yẹn, òun nìkan sì ni ẹ̀rí tí mo ní pé àbúrò mi kú.

Mo délé, mo sì ròyìn ọ̀rọ̀ Olútóyìn fún Ṣìkẹ́mi, ìyàwó mi. Ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì rọ ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan wà ní yàrá kejì.

"Daddy, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ẹ̀."

"Àkúdàáyà," ni mo wí.

"Ìyá àgbà wa sọ ọ̀kan fún wa. Wọ́n máa ń lọ gbé níbi tí wọn ò ti mọ̀ wọ́n, wọ́n á ṣiṣẹ́, wọ́n á bímọ. Tí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti kú bá dárúkọ ikú tàbí ìsìnkú létí wọn, wọ́n á pòórá, ó parí nìyẹn. Ẹ má lọ. Tí ẹ bá sì máa lọ, ẹ ṣọ́ ẹnu yín."

Díákónì ni mí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí ni mo sì ń ṣe ní ọsibítù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti mí kẹ́yìn lójú mi, n kò sì rí ọ̀kan tó tún padà wá béèrè àga. Bí ẹlòmíràn ló sọ ìtàn yẹn fún mi, mà á fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò rí sàréè. Tí ènìyàn kò bá rí sàréè, àyè kan máa ń ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí kò ní í pa dé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Ará ilé kejì wa ta àsíá pupa àwọn ará Athens sára òpó ilé rẹ̀, ó ń ju ọwọ́ sí mi láràárọ̀ bí ẹni tó ti borí. Níbi iṣẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì pín sí méjì, wọn ò sì fẹ́ jẹun pọ̀ mọ́. Gbogbo ìlú ń ka ọjọ́ bọ́ọ̀lù, èmi ń ka ọjọ́ tèmi. Mo gbé àga wúrà jáde láti inú gáréèjì, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. Mo ra ẹ̀pà yíyan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, nítorí òun kì í wo bọ́ọ̀lù láì jẹ ẹ̀pà. Mo ra ìwé ìwọlé méjì. Ní gbogbo ìgbà yìí mò ń sọ fún ara mi pé n kò gbà á gbọ́.

Òtútù mú gan-an láàárọ̀ Sátidé náà. Mo dúró síbi tí a máa ń dúró sí, mo tẹ́ àga méjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dáná ẹran. Àwọn èèyàn ti ń dé, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń kí ara wọn, èéfín èémí ń jáde lẹ́nu oníkálukú.

"Bọ̀ọ̀dá, iná yín ò tíì ràn."

Ohùn rẹ̀ ni. N kò yíjú kíá. Mo kọ́kọ́ fẹ́ iná náà dáadáa, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe, kí ojú mi sì rí àwáwí kan fún omi tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo yíjú, ó ti jókòó sórí àga rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú bó ṣe máa ń ṣe. Kò dàgbà sí i. Àpá kan wà létí irun rẹ̀ tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mú ojú kúrò níbẹ̀.

"O ò sọ pé o ti ń bọ̀," mo wí.

"Ṣebí mo ránṣẹ́."

Mo gbé abọ́ ẹ̀pà fún un. Ó mú ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó sì fẹ́ ẹ. Èèpo kan kò mira. Kò yà á lẹ́nu. Ó fi èékánná ṣa èèpo náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí apá àga, bí ẹni tó ti mọ́ lára. Ìgbà yẹn ni mo wo ẹnu rẹ̀ bí mo ṣe ń wo ti aláìsàn. Kò sí èéfín kankan níbẹ̀.

"Níbo lò ń gbé báyìí?" Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Riverdale. Mò ń ṣiṣẹ́ ní warehouse kan. Mo ti níyàwó, Bọ̀ọ̀dá. Asiyah lorúkọ ẹ̀. A bí obìnrin kan, Ṣèyífúnmi. Ó máa pé two years ní January."

"O ò mú un wá kí n rí i."

"Ẹ máa rí i." Ó tún ṣa èèpo kan. "Mo kàn fẹ́ jókòó tì yín lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Ẹ má bi mí ní ìbéèrè púpọ̀."

Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin kún inú mi. Mo fẹ́ bi í bóyá ó dùn ún lọ́jọ́ náà, bóyá ó pè mí. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra kí n sì sunkún bí obìnrin tó pàdánù ọmọ. Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní Riverdale tó ń retí bàbá rẹ̀. Bí mo bá ṣi ẹnu sọ, èmi ni mo sọ ọ́ di ọmọ òrukàn. Mo yí ẹran padà lórí iná.

"Ṣé a máa nà wọ́n?" ni mo bi í.

"Tọdún yìí yàtọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

A sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. A bú àwọn ará Athens. Ẹnìkan tó wọ pupa kọjá, Ọbáfẹ́mi ju èèpo ẹ̀pà sí i, a sì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. N kò mọ ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó tó wákàtí kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń rò ó pé a ó jọ wọlé, a ó jọ padà, pé ọdún tó ń bọ̀ náà wà níbẹ̀.

Ẹran jinná. Mo bu tirẹ̀ fún un. Ó ṣí fìlà, ó sì tẹrí ba, nítorí láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ pé àgbà ló ń gbàdúrà sórí oúnjẹ. Àdúrà kì í sì í wọ́n lẹ́nu àgbà tí ọmọ bá ti tẹrí ba. Mo di ojú, mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Orí rẹ̀ tutù.

"Olúwa á pa ẹ́ mọ́."

"Àmín."

"O ò ní rin ìrìn òfò."

"Àmín."

"Wàá jèrè ọmọ ẹ."

"Àmín."

"Ọwọ́ ẹ lo máa fi sin mí."

Ẹnu mi ti sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ọ. Àdúrà tí mo ń gbà fún un láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, bí wọ́n ṣe gbà á fún èmi náà. Mo dúró de àmín kẹrin, kò wá. Mo la ojú. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Kò bínú rárá.

"Bọ̀ọ̀dá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "wọ́n ti sin mí."

Ọwọ́ mi já sórí àga tí kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀ mọ́. Aṣọ àga náà tutù, abọ́ ẹran dúró lórí rẹ̀ láì yí, èèpo ẹ̀pà sì wà lórí apá àga bó ṣe tò wọ́n. Àwọn onífèrè Tech ń kọjá lọ sí pápá, gbogbo èèyàn ń pariwo ayọ̀. N kò wọlé. Mo jókòó ti àga náà títí bọ́ọ̀lù fi parí, n kò sì bi ẹnikẹ́ni pé ta ló borí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, aago ẹnu ọ̀nà wa dún. Obìnrin kan ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì méjì, ó gbé ọmọ pọ̀n. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, sir. Èmi ni Asiyah. Daddy Ṣèyí ní tí òun ò bá padà láti ibi game, kí n wá bá ẹ̀gbọ́n òun níbí."

Ṣìkẹ́mi mú wọn wọlé. Asiyah kò sunkún, bí ẹni tí wọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀.

"Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ," ó ní. "Ó ní ẹ máa gbàdúrà kan fún òun, pé ẹ ò lè ṣe kí ẹ má gbà á. Mo ní tó bá jẹ́ pé àdúrà yẹn ló máa gbé e lọ, kí ló dé tó fẹ́ lọ? Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín." Ó wò mí. "Àdúrà wo ni, sir?"

Mo sunkún lójú rẹ̀.

Ṣìkẹ́mi ti gbé ọmọ sórí àga, ó bu ẹ̀pà tó ṣẹ́ kù fún un, kó lè máa ṣeré. Ọmọ náà mú díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó sì fẹ́ ẹ. Èèpo kan kò mira. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ṣa èèpo náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi àti Ṣìkẹ́mi wo ara wa. A ò tíì sọ ọ́ di òní.

Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé báyìí. Ayọ̀ ilé ni ọmọ náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Láràárọ̀ ló ń wá kúnlẹ̀ kí mi kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mà á gbé ọwọ́ lé e lórí, mà á ní kí Olúwa pa á mọ́, kó má rin ìrìn òfò, kó dàgbà kó jèrè ọmọ. Ó ń ṣe àmín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mà á sì dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í dìde. Ó máa ń wà lórí ìkúnlẹ̀, ó tẹrí ba, bí ẹni tó mọ̀ pé ó ku ọ̀kan.