Aláriwo Ń Ṣe Bí Ẹni Tó Gbọ́

Ariwo tẹlifíṣọ̀n ló ń jí àwọn ará ilé náà láràárọ̀. Ọkùnrin tó ń yí i sókè ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Aláriwo, nítorí bó bá kí ọ níwájú ilé, ará ẹ̀yìnkùlé ni yóò dáhùn. Láti kékeré ló ti ń lagi, ariwo ẹ̀rọ sì ti ba etí rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀. Òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò, kí ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, ìyàwó rẹ̀ gbé tíì síwájú rẹ̀, ó sì pa tẹlifíṣọ̀n.

"Bàbá àwọn ọmọ, aránṣọ ìsàlẹ̀ ní kí n sọ fún yín. Àwọn tí etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́ máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé, ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Òun náà wà níbẹ̀. Wọ́n á jọ sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́ ara wọn lọ́gbọ́n."

"Ẹgbẹ́ adití!" Aláriwo gbá tábìlì. "Kí n lọ jókòó, ká máa wo ara wa lẹ́nu bí ewúrẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ o."

"Torí o máa ń sọ̀rọ̀ sínú bí ẹni tó jí ẹran jẹ ni!"

Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó jáde. Ìyàwó rẹ̀ pòṣé. Òṣé náà rinlẹ̀, ṣùgbọ́n Aláriwo kò gbọ́ èyí náà.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìlagi. Aláriwo á dúró níwájú, nídìí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ. Àbúrò á wà lẹ́yìn, á máa fa pákó jáde, á sì máa yọ èérún igi tó bá há sẹ́nu ayùn. Òfin kan wà láàárín wọn. Kí ẹni iwájú tó tan ẹ̀rọ, á pariwo pé, "Ṣó mọ́?" Bí ọwọ́ ẹni ẹ̀yìn bá ti kúrò, á ní, "Ó mọ́!" Bí kò bá tíì kúrò, á ní, "Dúró!"

Ó ti pẹ́ tí Aláriwo ti gbọ́ ìdáhùn kankan gbẹ̀yìn. Bó bá ti bèèrè, á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì tẹ bọ́tìnnì. Ó ti ń bọ́ sí i tipẹ́, ó wá rò pé ọgbọ́n ni. Òmùgọ̀! Ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, pákó ga láàárín wọn, ẹnikẹ́ni kò rí ojú ẹnì kejì. Igi há, Aláriwo pa ẹ̀rọ. Àbúrò ki ọwọ́ bọ ẹnu ayùn.

"Ṣó mọ́?"

"Dúró! Ẹ dúró o!"

Aláriwo mí kanlẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Ìka méjì ló lọ.

Nígbà tí ọ̀gá ilé ìlagi dé ilé ìwòsàn, Aláriwo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó ní ó mọ́! Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ!"

Ọ̀gá gbà á gbọ́, ó wo àbúrò, ó ní òun ò lè gba aláìbìkítà padà sídìí ẹ̀rọ.

"Irọ́ lẹ ń pa, ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò wí lórí ibùsùn. "Mo ké títí ọ̀fun mi fẹ́ẹ̀ ya. Ẹ ti gé mi lọ́wọ́, ẹ tún fẹ́ gé mi kúrò nídìí iṣẹ́?" Ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Ìyàwó Aláriwo dúró níwájú ọkọ rẹ̀, kó lè rí ẹnu rẹ̀ dáadáa. "Ẹ lọ bá àwọn adití yẹn ní Sátidé. Bí ẹ ò bá lọ, ẹ má padà wá sílé mi."

Aláriwo lọ ní Sátidé náà, ó fajú ro. Wọ́n to àga yí ká, kí oníkálukú lè rí ojú gbogbo èèyàn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì kọ́kọ́ nawọ́. Aránṣọ nawọ́.

"Ẹ̀yin náà máa ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ nígbà tí ẹ ò gbọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, torí gbogbo wọn ló ti ṣe é rí. Aláriwo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Èmi mi orí nígbà tí ìyàwó tuntun kan ń sọ bó ṣe fẹ́ kí aṣọ òun gùn tó," ni aránṣọ wí. "Mo mi orí, mo gé aṣọ ìgbéyàwó kúrú. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ gé?"

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Aláriwo sọ bó ṣe tẹ bọ́tìnnì láìgbọ́ ìdáhùn. Kò sẹ́ni tó bá a kẹ́dùn.

"Àwa kọ́ lẹ máa jẹ́wọ́ fún," ni aránṣọ wí. "Ọ̀gá yín ni, lójú àbúrò yín."

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì nawọ́. "Ẹ lọ yẹ etí yín wò. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń fi sétí lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní sọ etí di tuntun. Ẹ ní kí èèyàn kọjú sí yín, kó má pariwo. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ ò bá gbọ́, ẹ ní, 'Mi ò gbọ́, ẹ tún un sọ.' Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí ariwo ẹ̀rọ, kó máa fi ìbotí bo etí rẹ̀."

Aláriwo jẹ́wọ́. Ọ̀gá gba bọ́tìnnì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í fún àbúrò. Pákó títò ni iṣẹ́ Aláriwo báyìí. Ó ń lọ sípàdé ní Sátidé, ṣùgbọ́n àbúrò kò tíì dárí jì í, kò sì wá sílé rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́. Bí àbúrò bá fẹ́ kó dúró, á gbé ọwọ́ sókè, ìka mẹ́ta á yọ. Èyí, Aláriwo kò ní kó tún un sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí sí ohun tí ẹ ò gbọ́, ẹ jáwọ́. Ẹ wá àwọn tí irú rẹ̀ ń ṣe, ẹ jókòó tì wọ́n. Bí kò bá sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín, èèyàn méjì tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kọjú sí wọn, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ìka tó bá ti lọ kì í sì hù mọ́.