Ẹni Tó Wà Lórí Ṣíìtì Apá Òsì

Ọjọ́ náà gan-an ni ṣíìtì páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ parí. Ìrọ̀lẹ́ ni bàálù máa gbéra, àwọn àlejò tó fẹ́ ti òkè wo odò Volta sì ti ń múra ní òtẹ́ẹ̀lì wọn. Kwabena, tó ń tún bàálù ṣe fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní pápákọ̀ òfuurufú Accra, ló pe Fáòsíà lórí fóònù láàárọ̀. Alata ló ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Accra.

"Alata, gbà mí o. Ṣíìtì apá òsì ti ya kanlẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sí i báyìí, irin ló máa fi ìdí pàdé."

"Ṣé ti tròtrò ni?"

"Tròtrò tó ń fò ni. Máa bọ̀."

Iṣẹ́ ṣíìtì ni Fáòsíà ń ṣe ní Circle, lẹ́yìn ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì tròtrò ti ń kó èrò. Kò kọ́ ọ nínú ìwé. Ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ìyá rẹ̀ ló ti mọ abẹ́rẹ́, nígbà tó sì rí i pé ṣíìtì ọkọ̀ ń ya ju aṣọ èèyàn lọ, ó yà síbẹ̀. Ìyá náà ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ó ní òun ò fẹ́ darúgbó sílẹ̀ àjèjì. Láti ìgbà náà, Fáòsíà lè sọ Twi láti àárọ̀ di alẹ́, kó fi èdè Gáà díẹ̀ bu iyọ̀ sí i, kó délé, kó ti ilẹ̀kùn, kí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo má ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àánú ara rẹ̀ kò ṣe é. Ó kàn máa ń jẹ́ kí rédíò sọ̀rọ̀ títí tí oorun á fi gbé e lọ.

Fóòmù ló kọ́kọ́ ṣe é ní kàyéfì lọ́jọ́ náà. Nínú háńgà, ìyẹn ilé gàgàrà onípáànù tí wọ́n ń tọ́jú bàálù sí, ó tú lẹ́dà àtijọ́ kúrò, ó ju fóòmù tó ti wó nù, ó gé tuntun, èyí tó le dáadáa, ó gbé e sórí irin ṣíìtì. Ó yíjú láti mú lẹ́dà. Nígbà tó yíjú padà, fóòmù tuntun ti jìn ní àárín. Ibi itan méjì hàn níbẹ̀ kedere. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò.

"Àwọn ará ọjà Agbogbloshie ti ta ayédèrú fún mi," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó dojú fóòmù délẹ̀, ó fi lẹ́dà bò ó, òun àti Kwabena sì gbé ṣíìtì wọnú bàálù, wọ́n fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀. Bàálù ọ̀hún kéré. Ẹ̀rọ kan ló ní, ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè orí, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ṣí léteetí ilẹ̀kùn níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú láti ọjọ́ pípẹ́.

"Èyí náà bàálù ni?" Fáòsíà bi í léèrè.

"Má bú u létí ara rẹ̀." Kwabena nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Tèmi, èyí tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù ni mo fẹ́. Wọ́n á máa gbé jọlọ́ọ̀fù wá bá páílọ́ọ̀tì níwájú, ẹ̀rọ á máa wa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà páílọ́ọ̀tì, èyí ni wọ́n ń jà lé lórí. Mo ń lọ jẹ wáákyé. Kí n bá a ní píparí o."

Ó jáde. Oòrùn ọ̀sán ń mú kí páànù òkè máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ó ku ibi tí lẹ́dà ìdí ti pàdé ti ẹ̀yìn, ọwọ́ ni wọ́n sì ń fi rán ibẹ̀, lẹ́yìn tí ṣíìtì bá ti wà lójú àyè rẹ̀. Fáòsíà kúnlẹ̀ sẹ́yìn ṣíìtì náà, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ kọdọrọ.

"Àwẹ̀ró, o kú iṣẹ́."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan ti jókòó sórí ṣíìtì náà. Fáòsíà kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀, bàálù kò sì mì. Ẹ̀wù funfun páílọ́ọ̀tì ló wọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lásán. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, Fáòsíà sì rò pé káàdì ìwọlé pápákọ̀ ni. Ó ń rùn fìrìfìrì bí oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, àbí?"

Fáòsíà ṣa abẹ́rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń fi oríkì náà pè é.

"Ọláṣẹ̀hìndé lorúkọ mi," ni ọkùnrin náà sọ. Ohùn rẹ̀ kò ju ìsọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ. "Ìnísà ni bàbá mi ti wá. Ibí ni wọ́n bí mi sí. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ, ọmọ mi, mi ò ní dí ọ lọ́wọ́."

Ó yẹ kí Fáòsíà ní kó dìde. Bó bá ń rán ti tròtrò, awakọ̀ á kọ́kọ́ jókòó kí lẹ́dà lè mọ ìdí rẹ̀, á sì dìde kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ṣùgbọ́n Yorùbá ọkùnrin náà dùn létí rẹ̀ ju kó lé e lọ.

"Kwabena ní ẹ̀yin àgbà fẹ́ràn èyí ju àwọn ńlá lọ," ló sọ, kí ọ̀rọ̀ má baà tán. "Kí ló dé?"

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí. Wọ́n mọ ibẹ̀ bí ọwọ́ ṣe mọ ẹnu.

"Mo ti wa àwọn tó ń kó ọmọ ogun. Mo ti wa èyí tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ìyẹn, iná wẹ́wẹ́ ni wàá máa wò. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é, ìwọ kàn ń ṣọ́ ọ. Èrò kún ẹ̀yìn rẹ bí ọjà, ilẹ̀kùn irin sì wà láàárín yín. O gbé wọn dé, wọ́n sọ̀, wọn ò mọ ojú rẹ. O lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì." Ó mí díẹ̀. "Èyí yàtọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, ọwọ́ rẹ ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Wàá ṣí fèrèsé, wàá gbóòórùn iyọ̀ òkun ní Tema. O máa rí obìnrin tó ń sá aṣọ sórí okùn, ó máa gbójú sókè, ó máa juwọ́ sí ọ. Bí ẹ̀rọ bá kú, kò ní já lulẹ̀ bí òkúta, ó máa rọra bọ̀ wálẹ̀ bí ewé, á fún ọ láyè láti wá pápá. Ó máa ń dárí jini. Èmi nìkan ni mo ń wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe mí rí bí ẹni tó dá wà."

Fáòsíà ti ń rán. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, ó dúró. Ìyá rẹ̀ kì í gbà kí wọ́n rán nǹkan mọ́ èèyàn lára. Bí bọ́tìnì bá já lára oníbàárà tí kò ráyè bọ́ ẹ̀wù, á ní kó fi eyín di òwú mú ná, nítorí òkú nìkan ni wọ́n ń ránṣọ mọ́ lára tí kò ní fi eyín di nǹkan kan.

Ó gé òwú díẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ fi sẹ́nu."

Ọkùnrin náà wo òwú náà pẹ́. "Ìyá tèmi náà mọ̀ ọ́n," ló wí. "Jẹ́ kó wà nílẹ̀. Rán an."

Ó rán an. Lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ kọjá nínú ohun kan tó rọ̀ ju fóòmù lọ. Ọkùnrin náà mí sínú. Fáòsíà so kókó, ó tẹrí ba láti fi eyín já òwú, nígbà tó sì gbójú sókè, ṣíìtì ti ṣófo. Lẹ́dà tuntun ti jìn sísàlẹ̀ ní ibi itan méjèèjì, kò sì gbéra padà.

Nígbà tí Kwabena dé, Fáòsíà bi í léèrè ibi tí ọ̀gá arúgbó náà gbà.

"Ọ̀gá wo?"

"Ọláṣẹ̀hìndé."

Kwabena dẹ́kun jíjẹ ẹran tó wà lẹ́nu rẹ̀. "Chale, ọ̀rẹ́, má fi wọ́n ṣeré. Àwọn ni wọ́n máa ń jókòó sórí ṣíìtì yìí. Ìgbà òjò ni àìsàn dá wọn wólẹ̀. Wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan ní Tema. Wọn ò lè ká ìka."

Bàálù gbéra nírọ̀lẹ́ náà, ó sì padà láyọ̀. Páílọ́ọ̀tì tó wà á yin ṣíìtì náà, ó ní ó kàn gbóná díẹ̀, àti pé lójú ọ̀run ó dà bíi pé ẹlòmíràn bá òun di ìdarí mú.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi wá sí Circle, ó ń béèrè Alata tó ń rán ṣíìtì. Adùnọlá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀gá Ọláṣẹ̀hìndé kan ṣoṣo. Kwabena ló sọ fún un pé Fáòsíà rí bàbá rẹ̀ lórí ṣíìtì, òun ló sì júwe ọ̀nà fún un.

"Sístà, ẹ má bínú, Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara," ló wí, ó sì bọ́ sínú Twi. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n rán ṣíìtì náà, dókítà ti pe ẹbí jọ. Bàbá ń lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ń mí gúlegúle, ó kù díẹ̀ kí èémí tán. Lójijì ló dúró lójú kan. Kò lọ mọ́, kò sì jí. Nígbà tí wọ́n yí i láti wẹ̀ ẹ́, wọ́n rí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀.

Ó na fóònù sí Fáòsíà. Àmì tínńtínní pupa ló tò ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn arúgbó náà, láti ìbàdí dé ìbàdí: kúkúrú méjì, gígùn kan, kúkúrú méjì, gígùn kan. Bí Fáòsíà ṣe ń ránṣọ nìyẹn, kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Accra tó ń rán nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi kọ́ ọ.

"Ó ti rẹ̀ wọ́n," ni Adùnọlá wí. Omijé kò sí lójú rẹ̀ mọ́, ó ti sunkún tán nílé. "Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mi ò sì bá yín jà. Ohun tí ẹ rán, ẹ bá mi tú u. Ẹ jẹ́ kí bàbá mi lọ."

"Màá tú u," ni Fáòsíà dáhùn. Ó sì fi gbogbo ọkàn sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ó mú abẹ, ó lọ sí háńgà. Ó ní òun fẹ́ wọn àwọn ṣíìtì tó kù. Nígbà tí Kwabena lọ jẹun, ó gun bàálù, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ṣíìtì apá òsì, ó fi ìka wá kókó rẹ̀, ó rí i. Ó gbé abẹ lé e.

"Àwẹ̀ró," ni ohùn náà wí. Kò rí ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́dà ló kàn ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá sún ara. "Ṣé Adùnọlá ló rán ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ dáadáa ni. Àwọn tó ń jókòó lé mi kì í kí mi. Mo rò pé òkè ni mo fẹ́ wà. N kò mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí. Ó yá, gé e."

Ọwọ́ Fáòsíà dúró lórí òwú. Ìta dákẹ́ rọ́rọ́. Ó rántí pé bí òun bá gé e tán, òun á gba Circle padà, òun á ti ilẹ̀kùn, òun á tan rédíò.

"Ẹ ò tíì sọ fún mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "bó ṣe rí lójú Volta tí òjò bá ṣú."

Lẹ́dà tún dún. "Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí."

"Ẹ sọ ìyẹn nìkan, sà. Màá gé e tí ẹ bá sọ ọ́ tán."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú Yorùbá Ìnísà tó dùn bí oúnjẹ ilé. Nígbà tí Kwabena dé, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Fáòsíà ká abẹ rẹ̀ sínú àpò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí títí di òní. Bàálù kékeré náà ṣì ń gbé àlejò lọ sí Volta, ó ń bọ̀. Ọ̀gá Ọláṣẹ̀hìndé ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Tema, ó ń mí. Fáòsíà ti rán gbogbo ṣíìtì yòókù, kò sì sí iṣẹ́ kankan tó kù fún un nínú háńgà mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń lọ síbẹ̀. Adùnọlá pè é láàárọ̀ yìí. Kò gbé e.