Alágbàfọ̀ Tó Wọ Kóòtù Oníbàárà

Yàrá kan ṣoṣo ni alágbàfọ̀ yìí ní. Ibẹ̀ ló ń sùn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ibẹ̀ náà ló ti ń lọ aṣọ. Aṣọ oníbàárà ló gba gbogbo ògiri.

Ọmọbìnrin rẹ̀ rí àyè wọ yunifásítì, ṣùgbọ́n agbára wọn ò ká owó rẹ̀. Àwọn elétò ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan, tó ń sanwó fún ọmọ tí òbí rẹ̀ ò ní, ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo ilé.

"Kí wọ́n wá bá wa nínú àkísà? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni bàbá pariwo. Ló bá fa kóòtù oníbàárà kan wọ̀, ó sì ju aṣọ olówó ńlá sí ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹni tí kò ní làwọn èèyàn yìí ń wá o," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ta ló máa kówó fún ẹni tó rí jákujàku? Tí wọ́n bá rí wa bí èèyàn gidi, ọkàn wọn á balẹ̀."

Ìyá gbé aṣọ náà nílẹ̀. Ó wọ̀ ọ́.

Obìnrin kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ètò náà dé. Ó béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

"Màdáàmù, a ò ráhùn rárá!"

"Aṣọ yín mà dára o."

"Ìwọ̀nba la wọ̀ yìí. Ìyókù ló wà lára ògiri yẹn!"

Háà, bàbá yìí! Ta ló rán an níṣẹ́?

Nígbà tí èsì dé, orúkọ ọmọ náà ò jáde. Bàbá sáré lọ sí ọ́fíìsì wọn. "Ẹ ṣàánú mi, màdáàmù. Aṣọ oníbàárà ni. Èmi ò ní nǹkan kan."

Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà. "Bàbá, ohun tí ẹ sọ ni mo gbé lọ. A ti fi ọmọ ẹlòmíì sí i."

"Kò wá sí ọ̀nà mọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ ilé-ìwé bóyá wọ́n á bá a pa àyè rẹ̀ mọ́. Kó béèrè bóyá wọ́n ń gba owó díẹ̀díẹ̀, tàbí bóyá iṣẹ́ wà fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yáwó ni, ẹ ka àdéhùn rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ padà wá, ẹ sọ òótọ́."

Ilé-ìwé ò gbà láti pa àyè mọ́, wọn ò sì gba owó díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ti wọ yunifásítì, òun ń fọṣọ. Bàbá rẹ̀ ò lè wò ó lójú.

"Mo sọ fún yín, Bàbá mi," ló kàn wí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun, ètò ìrànwọ́ wà fún ẹni tí kò ní. Ẹ tètè wá a, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lówó pé kó bá yín rí i gbà. Tí wọ́n bá bi yín bí nǹkan ṣe rí, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, kódà bí ojú bá ń tì yín. Ọmọ yín ló máa jìyà irọ́ náà.