Ohun tí Delphia Sọ fún Dókítà

"Tètè ka lẹ́tà ara ògiri yẹn sí mi létí kí dókítà tó wọlé," Virgil Stamper sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò.

Delphia, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kà á. Bàbá náà há a sórí bí ọmọ iléèwé. Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó tó o ní ìlú kékeré wọn ní Kentucky, àmọ́ ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tí Dókítà Pruitt wọlé, Virgil ka lẹ́tà náà geere.

"Ó yà mí lẹ́nu o," ni dókítà obìnrin náà wí. "Ohun funfun tó bo ẹyinjú yín nípọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ríran tó báyìí, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀."

Virgil rẹ́rìn-ín músẹ́. Delphia wo báńdéèjì tó wà lára àtàǹpàkò bàbá rẹ̀. Ayùn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e jábọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Dókítà, èmi ni mo kà á sí wọn létí. Dádì ò rí ìkankan níbẹ̀. Owó ló ń bà wọ́n lẹ́rù."

"Delphia! Panu ẹ mọ́!"

Dókítà fa àga, ó jókòó. "Ọ̀gbẹ́ni Stamper, kí ló dé tí ẹ ò bi mí ní iye tó jẹ́?"

"Ṣé wọ́n máa ń ná ọjà lọ́wọ́ dókítà ni?"

"Tí èèyàn bá ní kí ẹ kan kọ́bọ́ọ̀dù fóun, ṣé kò ní béèrè iye ẹ̀?"

"Á béèrè. Á tún ní kí n yọ nínú ẹ̀!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Virgil láìmọ̀.

Dókítà wá ṣàlàyé pé ilé ìwòsàn kékeré kan wà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ Jímọ̀, pé owó ibẹ̀ kò tó ìdajì ti ilé ìwòsàn ńlá, wọn a sì máa gbà á díẹ̀díẹ̀. Virgil gbà kí wọ́n ṣe é níbẹ̀.

Síbẹ̀, Virgil ò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Ó dun Delphia wọra, àmọ́ kò kábàámọ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, tí ojú rẹ̀ ti ríran kedere, Virgil mú Delphia lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká níwájú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi rèé! Òun ló tú mi fó lọ́dọ̀ dókítà. Ẹ bá mi kí i!"

"Agídí ẹ ló jogún," ni Rufus, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀! Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ nítorí owó, ẹ lọ bi dókítà yín ní iye tó jẹ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Irọ́ ló ń tini lójú, ìbéèrè kì í tini lójú."

Orí Delphia wú. Ó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.