Òṣọ̀ọ̀rọ̀ Inú Àpótí Dígí

Orí ìjókòó ọkọ̀ àjàgbé rẹ̀ ni Mùnírù wà nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní ọ̀nà èbúté Tin Can, oòrùn ń tàn sára ògiri àtijọ́ kan, obìnrin kan sì dúró lórí àgbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń fi ọ̀bẹ ìdáná rọra ṣí ewé tútù wínníwínní tó hù bo ògiri náà. Ó ń ṣí i bí ẹni tó ń ká aṣọ àrán. Àwọn awakọ̀ tó wà lórí ìlà ọkọ̀ tó fẹ́ wọ èbúté ń pariwo lé ara wọn lórí, ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mùnírù ti wa ọkọ̀ dé Kánò, ó ti wà á dé Màídúgùrí. Kò rí ẹni tó ń kórè lára ògiri rí.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó bá a di àgbá náà mú kó má baà yẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi gbin igbó sínú pálọ̀," ni obìnrin náà dá a lóhùn, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ dì í mú dáadáa, dírẹ́bà."

Sàlímọ́tù lorúkọ rẹ̀. Ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ní Olódì-Àpápá, òun àti bàbá rẹ̀, Bàbá Lùkúmọ̀n, ni wọ́n sì jọ ń gbé. Ìlà ọkọ̀ kò sún, nítorí náà Mùnírù ní kí awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá òun ṣọ́ ọkọ̀, ó tẹ̀ lé e lọ wo igbó náà.

Ẹnu yà á nígbà tó débẹ̀. Àpótí dígí ńlá kan gba ògiri pálọ̀ náà tán. Omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹja kéékèèké ń rìn nínú rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ wúrà. Lápá kejì, ilẹ̀ dúdú ga sókè, ewéko sì bò ó. Lókè pátápátá, pọ́ǹpù kékeré kan ń fa omi gorí òkúta, omi náà sì ń ṣàn padà sísàlẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń dún gbùà, síbẹ̀ ńṣe ló dà bíi pé èèyàn wà nínú aginjù. Mùnírù kò mọ ìgbà tó bọ́ bàtà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú Sàlímọ́tù kò dùn sí i. Ó ṣàlàyé fún un pé ojú bàbá òun ti fọ́. Ní abúlé tí wọ́n ti bí bàbá náà, lọ́nà Ìsẹ́yìn, omi kan wà tó ń já láti orí àpáta. Bàbá máa ń sọ pé bí òun bá lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ò tún tọrọ nǹkan mìíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè gun òkè mọ́.

"Etí ni mo ń ṣe é fún," ló wí. "Àmọ́ omi yìí ò fọhùn. Ó kàn ń yọ́ rìn bí olè ni."

Bẹ́ẹ̀ ni Mùnírù ṣe di alábàáṣe. Ìgbàkígbà tí ẹrù bá gbé e wá sí èbúté, ó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fi gọ́ọ̀mù dí ibi tí dígí ti ń jò, wọ́n to òkúta, wọ́n tú u, wọ́n tún un tò. Ó ń pè é ní Ìyá Ẹja, òun náà ń pè é ní Dírẹ́bà Mi, títí ọ̀rọ̀ "mi" yẹn fi kúrò ní àwàdà.

Bàbá Lùkúmọ̀n fetí sí wọn títí, lọ́jọ́ kan ó béèrè iṣẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń ṣe. Mùnírù sọ fún un. Bàbá ní awakọ̀ ọ̀nà jíjìn lòun náà tẹ́lẹ̀. Jẹ́bà lòun wà nígbà tí ìyàwó òun kú, wọ́n ti sin ín kí òun tó délé.

"Mi ò kórìíra rẹ, ọmọ mi," ló wí. "Iṣẹ́ rẹ ni mo mọ̀. Má wá síbí mọ́."

Sàlímọ́tù sunkún lórí máṣínì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún Mùnírù pé òun kò ní fẹ́ ọkọ tí bàbá òun kò bá fọwọ́ sí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Mùnírù já ẹrù ní Ṣakí. Bó ti ń bọ̀, ó yà sí abúlé Bàbá, ó béèrè ọ̀nà, ó gun òkè. Ó gbọ́ omi náà kó tó rí i. Kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tàn, ó ń fò láti ẹnu òkúta pẹlẹbẹ kan, ó ń bọ́ sínú kòtò àpáta, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo àfonífojì náà. Mùnírù jókòó síbẹ̀ títí aṣọ rẹ̀ fi rin gbingbin. Ó rí i pé omi náà kò fara gbá òkúta bó ti ń bọ̀, pé fífò tó ń fò ló jẹ́ kó fọhùn. Ó tún ro ti Bàbá, ọkùnrin tó fi irú èyí sílẹ̀ tẹ̀ lé táyà, tí kò sì padà wá. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

Ó ṣa òkúta pẹlẹbẹ nínú odò náà, ó kó o dé Èkó. Ó fi ọ̀nà jíjìn sílẹ̀, ó wá iṣẹ́ awakọ̀ inú ọgbà èbúté, iṣẹ́ tí yóò máa gbé e wálé ní ìrọ̀lẹ́. Owó rẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé òkúta lọ sí ìsọ̀ Sàlímọ́tù, Sàlímọ́tù sì bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí Mùnírù wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí.

Wọ́n gbé òkúta kan yọrí síta bí ètè, wọ́n fi òmíràn tó ní kòtò nínú sísàlẹ̀. Sàlímọ́tù tan pọ́ǹpù. Omi gòkè, ó dé etí òkúta, ó fò.

Tẹ̀sùbáà tí Bàbá Lùkúmọ̀n ń fà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà bọ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ omi náà, ó fọwọ́ pa òkúta náà láti òkè délẹ̀.

"Ta ló lọ síbẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ọ̀nà yẹn ò gba ọkọ̀."

"Mo fẹsẹ̀ rìn ín ni, Bàbá." Mùnírù wá sọ ti iṣẹ́ tuntun náà fún un.

"Torí tèmi lo ṣe fi í sílẹ̀?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ máa wà nílé ni."

Bàbá kò yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú omi. Omijé ń ṣàn lójú tí kò ríran mọ́ náà. Ó ní kí Sàlímọ́tù lọ sọ fún àwọn ẹbí pé àlejò ń bọ̀.

Inú pálọ̀ yẹn náà ni wọ́n ti so yìgì. Nígbà tí Ààfáà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun pa omi náà kí àwọn èèyàn lè gbọ́ òun. Bàbá Lùkúmọ̀n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí Ààfáà gbóhùn sókè. Ààfáà gbóhùn sókè, ó bi Sàlímọ́tù bóyá ó gbà. Sàlímọ́tù kò gbé ohùn tirẹ̀ sókè rárá, ṣùgbọ́n Mùnírù gbọ́ ọ.